Padà Sí Òpó Tí O Ti Bẹ̀rẹ̀

Ìmọ̀ràn àgbà awọnlẹ̀ kan fún àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó fẹ́ rìnrìn àjò

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ọdún tí wọ́n sin Herbert Macaulay ni wọ́n bí mi. Ìyá mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn, máa ń sọ pé inú oyún ni mo ti bá wọn dúró lójú títì ní oṣù Karùn-ún ọdún 1946, tí òkú rẹ̀ ń kọjá lọ sí ìtẹ́ òkú Ìkòyí, tí èrò pọ̀ débi pé wọn kò rí ibi fẹsẹ̀ sí. Bóyá ìyẹn ló fà á ni o, mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Macaulay ṣe ni èmi náà kọ́. Sọ́féyọ̀ ni mí. Mo wọn ilẹ̀ láti Èkó dé Ẹ̀pẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì.

Kò sí oṣù kan báyìí tí ọmọ kan kì í wá bá mi ní ojúlé wa lẹ́yìn Ìgà Ìdúngànràn, ààfin ọba Èkó, pé, "Bàbá, ẹ ṣàdúrà fún mi o, mo fẹ́ jápa." Mo ń ṣàdúrà fún wọn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé kó má lọ. Àárín omi ni wọ́n tẹ Èkó dó, kò sì sí ìdílé kan ládùúgbò wa tí ọkọ̀ kò gbé ẹnì kan nínú wọn lọ rí. Ṣùgbọ́n ẹrù arìnrìn-àjò ju àdúrà lọ. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ fi ayé Macaulay yìí, ẹnjiníà tí omi gbé kiri láti ìgbà èwe dọjọ́ ogbó ṣe àpẹẹrẹ fún yín. Nǹkan mẹ́jọ ni mo rí fà yọ níbẹ̀.

1. Mọ omi ilé kí o tó dojú kọ òkun.

Wọ́n bí Macaulay sí Èkó ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1864. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ló bí ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Thomas Babington Macaulay, ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859. Bàbá yìí kú ní 1878, ọmọ ṣì wà nílé ìwé. Nígbà tó jáde ní 1880, kì í ṣe London ló kọ́kọ́ lọ. Ọkọ̀ arákùnrin ìyá rẹ̀ kan ló wọ̀. Ìrìn òwò àti iṣẹ́ ìhìnrere náà gbé e dé Bonny àti Brass, ó gbé e gun Odò Ọya lọ sí Gbẹ̀bẹ̀ àti Lókọ́jà. Kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Kó tó mọ bí ìlú òyìnbó ṣe rí, ó ti fojú ara rẹ̀ rí ibi tí Ọya ti pàdé Bẹ́núé.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọkọ̀ ìgbòkun ṣì ń wá sí Èbúté Erò láti Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Àpò ìyẹ̀fun ni wọ́n rán pọ̀ ṣe ìgbòkun náà. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ ẹ kún, wàá rí orúkọ oníyẹ̀fun tí wọ́n tẹ̀ sára àpò, yóò wú síta bí ikùn aboyún. Àwọn atukọ̀ wọ̀nyẹn kì í bá afẹ́fẹ́ jà. Ìdájí ni afẹ́fẹ́ ilẹ̀ ń gbé àwọn ará Ìkòròdú wá sọ́jà. Bí ọ̀sán bá pọ́n, wọn á jókòó sí èbúté, wọn á máa jẹ ẹ̀kọ, wọn á máa retí afẹ́fẹ́ òkun tí yóò gbé wọn padà sílé. Ẹni tó bá kánjú jáde ṣáájú afẹ́fẹ́, àjẹ̀ ni yóò fi wa ọkọ̀ délé, apá rẹ̀ á sì sọ fún un lọ́jọ́ kejì.

Mo mọ ọmọ tó lè ka orúkọ ibùdó ọkọ̀ ojú irin London tẹ̀léra wọn bí ẹni ń ka oríkì, kò sì tíì dé Àgbádárìgì rí. Lọ sí Àgbádárìgì. Lọ sí Lókọ́jà. Ẹni tí kò mọ ilé rẹ̀, kí ló fẹ́ fi ìlú onílùú wé?

2. Kọ́ṣẹ́ kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Lọ́dún 1881 Macaulay wọ iṣẹ́ ìjọba lẹ́ka Iṣẹ́ Òde ní Èkó gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé kékeré. Ìwé ló ń dà kọ, ìwé ló ń tò. Iṣẹ́ tí ẹ̀yin ọmọ òde òní yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwé tó ń tò yẹn ni wọ́n fi ń mọ ilẹ̀ onílẹ̀, ojú ọ̀nà àti ilé. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí ìjọba wá ń wá ẹni tí wọn yóò rán lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà nílùú òyìnbó, kò ṣòro fún wọn láti rí i.

Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1890 ló fi Èkó sílẹ̀. Nígbà yẹn, ọkọ̀ ńlá kò lè wọ ọ̀sà wa. Iyanrìn ti gbé ẹnu ọ̀nà òkun, ìgbì sì ń fọ́ lé e lórí. Ọkọ̀ kékeré ló ń gbé èrò kọjá ibẹ̀ kí wọ́n tó bọ́ sínú ọkọ̀ ńlá lójú agbami. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó fi ọkọ̀ ojú irin kó òkúta wá láti Abẹ́òkúta, tí wọ́n tò ó sínú òkun kí ọ̀nà náà lè jìn. Ẹni tó bá la irú ìgbì bẹ́ẹ̀ kọjá kì í ṣe ẹni tó ń lọ wò ó bóyá nǹkan yóò ṣẹnuure. Ó mọ ohun tó ń lọ kọ́.

3. Bí o bá dé ọ̀hún, bèèrè bí omi ṣe dé ẹnu ẹ̀rọ.

Plymouth ni Macaulay balẹ̀ sí, ìlú èbúté bíi ti tiwa. Abẹ́ G. D. Bellamy ló ti kọ́ṣẹ́, ọkùnrin tó ń mójú tó ilẹ̀ àti omi ìlú náà. Plymouth kì í sì í ṣe ibi tí ènìyàn ti lè kọ́ iṣẹ́ omi láìfetí sí ìtàn. Láti 1591 ni Francis Drake, atukọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, ti jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ojú omi kan tó ń gbé omi sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Dartmoor wá sáàárín ìlú. Omi tí àlejò ń bu mu láìronú, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ mọ òkè tó ti wá, ó mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, ó mọ iye tó ná wọn.

Ẹ wá wo bí ìmọ̀ náà ṣe padà wúlò. Nígbà tí ìjọba fẹ́ gba owó omi ẹ̀rọ Ìjù lọ́wọ́ ará Èkó, àwọn ènìyàn wa ní kànga wà lágbàlá àwọn, pé àwọn òyìnbó ni omi náà yóò ṣe láǹfààní jù. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé wọ́n ti ọjà pa ní 1916. Macaulay wà láàárín àwọn tó yarí. Ìjọba kò lè sọ fún un pé kò mọ ohun tó ń sọ, nítorí iṣẹ́ omi ni wọ́n fi owó ara wọn rán an lọ kọ́.

Bí o bá dé Kánádà, má kàn gbádùn iná tí kì í kú. Bèèrè ẹni tó ń tan án àti bí wọ́n ṣe ń san owó rẹ̀. Ẹni tó gbádùn nǹkan tí kò bèèrè ìdí rẹ̀, àwòrán nìkan ni yóò mú bọ̀ wálé.

4. Ka ọfà rẹ pé.

Èyí kì í ṣe ti Macaulay, tèmi ni.

Ṣéènì tí a fi ń wọn ilẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 66, oríkèé 100 ló wà lára rẹ̀. Ẹni méjì ló ń fà á. Ẹni iwájú ń di ọfà irin mẹ́wàá mú. Bó bá ti na ṣéènì tán, á gún ọfà kan mọ́lẹ̀. Ẹni ẹ̀yìn á dé ibẹ̀, á fà á tu, á mú un dání. Bí mẹ́wàá bá pé lọ́wọ́ ẹni ẹ̀yìn, a mọ̀ pé a ti rin ẹsẹ̀ bàtà 660. Ọfà náà ni ẹlẹ́rìí wa.

Ẹni ẹ̀yìn ni mí lọ́jọ́ kan tí òjò ká wa mọ́ etí ọ̀sà. Koríko ga, ọfà kan bọ́ sínú ẹrẹ̀. Mo wá a, mi ò rí i. Òjò ń na mí, ebi ń pa mí, mo sọ fún ara mi pé mélòó ni ọ̀kan, mo sì ka iye tó wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí àwòrán ilẹ̀ náà jáde, ẹsẹ̀ bàtà 66 ti pòórá. Nínú ẹsẹ̀ bàtà 66 yẹn ni oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ opó kan wà, ó ti di ti aládùúgbò rẹ̀ nínú ìwé. Ìyá náà kò mọ̀wé. Ó kàn dúró ti pèrègún tí bàbá ọkọ rẹ̀ gbìn sí ààlà, ó ní, "Ẹ wò ó, igi yìí kò rìn."

Ọ̀gá mi kò bú mi. Wọ́n ní ká gbé ṣéènì, a padà lọ, owó ara wọn ni wọ́n ná. Àṣẹ tí wọ́n wá pa fún mi ni kí n máa padà sí òpó tí a ti bẹ̀rẹ̀ nígbàkúgbà tí mo bá wọn ilẹ̀ yíká. Òfin iṣẹ́ wa ni. Awọnlẹ̀ tó bá rìn lọ tí kò yípo padà sí òpó àkọ́kọ́, bí àṣìṣe bá wà nínú ìṣirò rẹ̀, kò sí bí yóò ṣe mọ̀. Bó bá padà débẹ̀ tí ìṣirò kò bára mu, ó ti mọ̀ pé òun ti ṣì í níbì kan.

Ẹ̀yin náà ní òpó. Ọdún tí ẹ bá lò lẹ́yìn odi, ẹ máa gún ọfà sí i. Kí ni mo kọ́ lọ́dún yìí? Ta ni mo ràn lọ́wọ́? Bí ọdún mẹ́wàá bá pé tí ọfà mẹ́ta péré ló wà lọ́wọ́ yín, òjò kọ́ ló kó ìyókù lọ.

5. Má jẹ́ kí ìjà wọ inú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ.

Macaulay padà dé ní 1893, wọ́n sì fi í ṣe awọnlẹ̀ ilẹ̀ ìjọba. Nígbà tó di 1898 ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó gba ìwé àṣẹ láti dá dúró. Ó ya àwòrán ilé, ó wọn ilẹ̀, ó díye lé dúkìá. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú Doherty Villa ní Campos. Ọwọ́ rẹ̀ tún wà nínú ilé Henry Carr ní Tinúbú.

Ẹ dúró díẹ̀ síbi orúkọ yìí. Carr ni akọ́mọlẹ́kọ̀ọ́ àgbà tí ìjọba gbẹ́kẹ̀ lé jù lọ nínú àwọn ọmọ Èkó, òun àti Macaulay kì í sì í fi ojú kan náà wo ọ̀rọ̀ ìjọba àti ọ̀rọ̀ Ìgà. Ní 1924 Macaulay tẹ ìwé kékeré kan jáde pé àfi kí Carr kúrò nípò. Ìjà ọ̀hún rú Èkó. Síbẹ̀, mi ò gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni sọ pé ilé tí ọwọ́ Macaulay wà nínú rẹ̀ wọ́.

Ìwé Carr ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn. Ibẹ̀ náà ni ìwé Macaulay wà lónìí. Àwọn méjèèjì tí kò lè jókòó sí tábìlì kan náà, òrùlé kan náà ló bò wọ́n báyìí. Ẹni tí ẹ bá ń bá jà lórí fóònù láàárọ̀, ẹ rántí pé ó lè jẹ́ aládùúgbò yín títí ayé.

6. Bí o bá ń lọ, gbé ẹrù ìlú dání.

Ní 1913 ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá, éékà bíi 250. Ìdílé Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn ìdẹ́jọ onífìlà funfun, ló ni ín. Ìjọba ní àwọn kò lè san owó ilẹ̀ fún Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa, pé ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ló tọ́ sí i, nítorí kì í ṣe onílẹ̀ gan-an. Ẹjọ́ dé Èkó, ìjọba borí. Ó kù sí London.

Ní 1920 olóyè náà wọkọ̀, Macaulay sì bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Ọ̀pá àṣẹ Elékòó Èṣùgbàyí, ọba Èkó nígbà náà, wà lọ́wọ́ Macaulay. Ẹ fojú inú wo arúgbó onífìlà funfun kan lórí ọkọ̀ nínú òtútù Yúróòpù, àti ẹnjiníà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, onímústáàṣì tó gùn jáde bí ìwo lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ìrìn tó rìn ní 1890, ìjọba ló rán an. Ìlú ló rán an ní 1920.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 1921, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ nínú ilẹ̀ ọba, Privy Council, dájọ́ pé ilẹ̀ Èkó kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo bíi ti òyìnbó, ti ẹbí àti ìlú ni, olóyè sì ni alábòójútó wọn. Nítorí náà kí ìjọba san owó ilẹ̀ náà pé. £22,500 ni wọ́n san níkẹyìn.

Ìrìn náà kò ṣàìní ohun tó jẹ Ìgà. Nítorí ọ̀rọ̀ tó jáde nínú ìwé ìròyìn London nípa ipò Elékòó, ìjọba ní kí Èṣùgbàyí rán akéde káàkiri ìlú kó lè sọ pé irọ́ ni. Kò rán akéde kankan. Wọ́n gba owó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n lọ́ba mọ́, nígbà tó sì di 1925 wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ọdún mẹ́fà ni Macaulay àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ja ìjà náà títí Èṣùgbàyí fi padà wọ Èkó ní 1931. Ẹni tó bá gbé ọ̀pá ìlú rìn kò lè sọ pé òun ti sọ ọ́ kalẹ̀ lójú ọ̀nà nígbà tó bá wúwo.

Mi ò ní kí olúkúlùkù yín lọ pẹjọ́ ní London. Ṣùgbọ́n kí nǹkan kan wà nínú àpò yín tí kì í ṣe tiyín nìkan.

7. Má fọwọ́ kan owó tí wọ́n fi ṣọ́ ọ.

Àgbà tó bá ń yin ẹni tí kò sọ àbùkù rẹ̀, ìtàn àlọ́ ló ń pa. Ní 1913 ilé ẹjọ́ rán Macaulay lẹ́wọ̀n ọdún méjì lórí owó ogún tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ní 1928 ó tún lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀ gbé jáde. Èyí ìkẹyìn, ará Èkó kà á sí ogun tó jà fún wọn. Ti àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fiyè sí. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sọ títí pé ìjọba ló ń wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1923 ló dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀. Lọ́dún náà ẹgbẹ́ rẹ̀ kó gbogbo àga mẹ́ta tí Èkó ní ní Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Òun tó dá ẹgbẹ́ kò lè jókòó sí ọ̀kan. Ìwé ẹ̀wọ̀n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Owó àjọ, owó ẹbí, owó tí ẹ̀gbọ́n ní kó o bá òun kọ́lé: jẹ́ kó dá wà, kí ìwé rẹ̀ sì pé, kí ọ̀tá má bàa rí ibi fi ọwọ́ gbá mú.

8. Má tijú àtibá ọmọdé rìn.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1944, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ dá ẹgbẹ́ NCNC sílẹ̀ ní Glover Hall, Macaulay ni wọ́n fi ṣe ààrẹ. Nnamdi Azikiwe, tí Macaulay fi ogójì ọdún dàgbà jù, ni akọ̀wé. Àgbà mìíràn ì bá ní kí ọmọdé wá máa kí òun nílé. Ní 1946 bàbá ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin náà di ẹrù, ó tẹ̀lé wọn yí ilẹ̀ Nàìjíríà ká láti tako òfin tuntun tí Gómìnà Richards gbé kalẹ̀. Kano ni àìsàn ti dá a dúró. Wọ́n gbé e padà wá sí Èkó, ó sì kú ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún.

Ìwọ̀n yẹn pé. Ọmọ tó wọkọ̀ lọ sí Bonny ní 1880, tó lọ sí Plymouth, tó lọ sí London, tó lọ sí Kano, erékùṣù kan náà ló ń padà sí nígbà gbogbo. Ibẹ̀ ló sì parí sí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sí owó náírà kan ní 1979, nígbà tó yá wọ́n tún fi í sára owó onírin. Èwo nínú yín ló rí owó náà gbà lọ́wọ́ ọlọ́jà rí? Kò ra gúgúrú mọ́. Ṣùgbọ́n bí ìdílé kan bá ń du ilẹ̀ wọn nílé ẹjọ́ lónìí, àwọn lọ́yà ṣì máa ń ṣí ìwé ẹjọ́ Olúwa.

Nítorí náà, iṣẹ́ kan ni mo ń rán ẹni tó bá ti rí físà gbà. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí o máa lọ, wá bá mi. Èmi àti ìwọ á dúró ní Ẹnu Ọ̀wá, a ó sì jọ fẹsẹ̀ rìn dé Èbúté Erò, ìwọ ni yóò máa ka ìṣísẹ̀. Kọ iye náà sílẹ̀, fi sínú ìwé ìrìnnà rẹ. Lọ́jọ́ tí o bá bọ̀, bí mo bá ṣì wà, a ó tún un rìn. Bí mi ò bá sí mọ́, dá a rìn, kó o sì kọ iye tuntun sí abẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Tí méjèèjì kò bá bára mu, má bínú sí títì. Jókòó sí èbúté, kó o wá ibi tí ọfà rẹ ti bọ́.